Hẹlikọ́pítà ló ń ba Màámi lẹ́rù, àbí ọ̀nà Ọ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan tó ń wa epo lórí òkun. Ìbàdàn la ń gbé. Oṣooṣù ló máa wọ mọ́tò lọ sí Warri, hẹlikọ́pítà á wá gbé e láti ibẹ̀ lọ sórí omi. Látìgbà tí Màámi ti gbọ́ hẹlikọ́pítà ni wọn ò ti sùn mọ́. Wọ́n ní kó kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀, kó wá máa wa Sienna Ìbàdàn sí Èkó, pé ẹni tó wà nílẹ̀ kì í já bọ́. Ta ló jàre?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì bá Màámi jà. Ẹ̀rù wọn nídìí. Bàálù agbérapá tí à ń wí yìí ti gbé èèyàn ńlá ńlá lọ tí wọn ò padà wálé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, gómìnà ìpínlẹ̀ Kaduna, Patrick Yakowa, àti Ọ̀gágun Andrew Azazi kú sínú èyí tó já ní Bayelsa. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, Herbert Wigwe tó jẹ́ ọ̀gá báńkì Access, ìyàwó rẹ̀, ọmọ wọn àti Abímbọ́lá Ògúnbánjọ kú sínú òmíràn ní aṣálẹ̀ California. Ta ló máa gbọ́ irú ìyẹn tí àyà rẹ̀ ò ní já? Ibi tí Màámi ti ṣì í ni ti Sienna yẹn.

Ìbéèrè: Ṣebí wọ́n máa ń sọ pé ojú òfurufú ò léwu tó ojú títì?

Ìdáhùn: Irú bàálù wo? Ọ̀rọ̀ yẹn jóòótọ́ fún bàálù ńlá tó ń kó ọgọ́rùn-ún èèyàn láti Èkó lọ sí Abuja. Wọ́n kàn ń fi hẹlikọ́pítà há a lápò ni, kò sì bá a mu.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ka nǹkan dáadáa. Lọ́dún 2023, nínú 100 mílíọ̀nù máìlì tí mọ́tò rìn níbẹ̀, ẹni 1.26 ló kú. Tá a bá ní mọ́tò ń sáré 40 máìlì ní wákàtí kan, ìyẹn já sí òkú kan nínú bíi mílíọ̀nù méjì wákàtí. Ti hẹlikọ́pítà ńkọ́? Ìjàm̀bá tó mú ẹ̀mí lọ kì í pé ẹyọ kan nínú 100,000 wákàtí, ó máa ń sún mọ́ 0.7. Ká sọ pé ẹyọ kan nínú nǹkan bí 140,000 wákàtí. Bó o bá pín in, wákàtí kan nínú hẹlikọ́pítà léwu tó bíi wákàtí mẹ́rìnlá nínú mọ́tò. Lóòótọ́, wọ́n ka àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ọ wíwà rẹ̀ àti àwọn tó ń fi í fọ́n oògùn sóko mọ́ ọn, tiwọn sì máa ń bà á jẹ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá sọ fún Màámi pé hẹlikọ́pítà ò léwu tó mọ́tò ní wákàtí sí wákàtí, irọ́ ló ń pa fún wọn.

Nílé wa níbí, àwọn kan á ní: àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ka òkú 5,421 lójú títì lọ́dún 2024, hẹlikọ́pítà tó já sómi nítòsí Bonny ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, èèyàn mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí o. Èèyàn mélòó ló ń wọ hẹlikọ́pítà? Kìnnìún kì í pa èèyàn ní Òṣòdì, mọ́tò ló ń pa wọ́n níbẹ̀, ìyẹn ò sì ní kó o lọ bá kìnnìún sùn.

Ìbéèrè: Á jẹ́ pé Màámi ló jàre nìyẹn?

Ìdáhùn: Fara balẹ̀. Wákàtí mélòó ni àbúrò rẹ máa lò nínú hẹlikọ́pítà? Ká fi sí ogójì ìṣẹ́jú ní àlọ. Fi mẹ́rìnlá sọ ọ́ di púpọ̀: ó jẹ́ bíi wákàtí mẹ́sàn-án àti díẹ̀ lójú títì Amẹ́ríkà. Ó dáa. Wákàtí mélòó ló máa lò kó tó dé ìdí hẹlikọ́pítà náà? Láti Ìbàdàn sí Ìjẹ̀bú-Òde, sí Ọ̀rẹ̀, sí Ìbíní, sí Sapele, kó tó kan Warri: tí ọ̀nà bá dára, wákàtí méje. Ojú títì Amẹ́ríkà sì kọ́ nìyẹn. Ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ ni, níbi tí tírélà ti ń yà fún kòtò láìwẹ̀yìn, tí tánkà tó bàjẹ́ á dúró sínú òkùnkùn láìsí iná lẹ́yìn, ewé tútù tí wọ́n já sílẹ̀ nìkan ni àmì pé nǹkan wà níwájú. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, tiẹ̀ fojú bù ú pé àwọn tó ń kú lójú títì wa ju 30,000 lọ lọ́dún, nítorí pé kì í ṣe gbogbo òkú ló ń dé inú ìwé FRSC.

Nítorí náà, nínú ìrìn àjò àbúrò rẹ, apá tó léwu jù ni èyí tí Màámi ò tíì sọ̀rọ̀ lé rárá. Àwọn fúnra wọn ló sì ní kó sọ ọ́ di iṣẹ́ ojoojúmọ́!

Ìbéèrè: Tí ẹ́ńjìnnì bá kú mọ́ wọn lókè ńkọ́?

Ìdáhùn: Kì í já lulẹ̀ bí òkúta bí a ti rò. Ṣó o rántí èyí tá à ń fi màrìwò ṣe ní kékeré, tá a máa gbé sáré kí atẹ́gùn lè máa yí i? Bó ṣe rí náà nìyẹn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, awakọ̀ á tẹ ọ̀pá kan sílẹ̀ wéré, àwọn abẹ gbọọrọ orí rẹ̀ á tẹ́, atẹ́gùn tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ á máa yí wọn bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Tó bá kù díẹ̀ kó kanlẹ̀, á fa ọ̀pá náà sókè, agbára tó ṣẹ́ kù nínú yíyí yẹn á fi gbà á sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. Awakọ̀ kò lè gbàwé àṣẹ láìfi èyí dánra wò. Ó kàn nílò àyè ni: bó bá wà nísàlẹ̀ jù tí kò sì sáré, ọ̀ràn dé. Àwọn tó ń kó òṣìṣẹ́ lọ sórí omi sì sábà máa ń ní ẹ́ńjìnnì méjì.

N ò ní tàn ọ́ pé ó bo gbogbo rẹ̀. Ní Turøy, lórílẹ̀-èdè Norway, ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, gíáà tó gbé abẹ ró ló fọ́, abẹ náà já kúrò lórí rẹ̀, àwọn mẹ́tàlá tó wà nínú rẹ̀ kú. Kò sí ohun tí awakọ̀ lè ṣe sí ìyẹn. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló wá ń já wọn jù?

Ìdáhùn: Kùrukùru, òru, àti ọ̀gá tó ní dandan òun gbọ́dọ̀ dé. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, nígbà tí Kobe Bryant, agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, kú pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ àti èèyàn méje mìíràn, àwọn olùwádìí ò rí àléébù kankan lára ẹ́ńjìnnì. Awakọ̀ ló wọ inú kùrukùru. Téèyàn ò bá rí ilẹ̀ mọ́, omi tó wà nínú etí rẹ̀, tó ń sọ fún un ibi tí òkè wà, á bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ fún un. Á rò pé òun ń gòkè, ìsàlẹ̀ ló sì ń lọ. Alẹ́ ni ti Wigwe náà, lójú ọjọ́ tí kò dára, lórí aṣálẹ̀ tí kò níná. Èyí tó gbé igbákejì ààrẹ ìgbà náà, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, ṣubú ní Kabba ní oṣù Kejì ọdún 2019, eruku tí abẹ rẹ̀ gbé sókè nígbà tó fẹ́ balẹ̀ ló bo awakọ̀ lójú. Gbogbo wọn jáde láàyè.

Ìdí nìyí tí hẹlikọ́pítà olówó fi ń bà mí lẹ́rù ju ti òṣìṣẹ́ lọ. Ta ló máa sọ fún olówó pé kó sùn síbi tó wà? Ní ọdún méjì tí mo fi tọ́jú sítọ́ọ̀ lórí omi, tí ọyẹ́ bá mú, a lè jókòó ti ẹrù wa fún ọjọ́ méjì. Inú á máa bí wa. Awakọ̀ méjèèjì á kàn máa mu tíì wọn.

Ìbéèrè: Tó bá wá já sómi?

Ìdáhùn: Wọ́n á ti kọ́ ọ ṣáájú. Wọn kì í jẹ́ kó o wọ̀ ọ́ tí o ò bá tíì ṣe ìdánwò kan tí gbogbo wa ń pè ní HUET, ìyẹn ẹ̀kọ́ bí èèyàn ṣe ń jáde nínú hẹlikọ́pítà tó rì sómi. Wọ́n kó àwa mẹ́fà sínú àgọ́ irin kan tó jọ inú hẹlikọ́pítà, wọ́n de bẹ́líìtì mọ́ wa, wọ́n sì sọ̀ ọ́ sínú odò ìlúwẹ̀ẹ́. Omi dé orókún, ó dé àyà, àgọ́ náà wá dojú dé. Nítorí pé òkè ni ẹ́ńjìnnì hẹlikọ́pítà wà, bó ṣe máa ń yí padà nínú omi gan-an nìyẹn. Òfin rẹ̀: di etí fèrèsé mú pẹ̀lú ọwọ́ kan, má tú bẹ́líìtì títí yíyí á fi dúró, ti fèrèsé jáde, nígbà náà ni kó o tó tú ara rẹ. Mo tú bẹ́líìtì mi kíákíá ní ìgbà àkọ́kọ́. Orí mi di ẹsẹ̀, n ò mọ ibi tí fèrèsé gbà, omi tí mo mu lọ́jọ́ yẹn tó wẹ ọmọ jòjòló. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni mo tó mọ̀ ọ́n.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2015, èyí tó ń bọ̀ láti orí omi já sínú ọ̀sà ní Oworonṣòkí, nílùú Èkó. Àwọn méjìlá ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́fà kú, mẹ́fà yè.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ọ̀nà ò fi ń bà wá lẹ́rù bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ó ti mọ́ wa lára ni. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n dáadáa, àwọn ló ń ṣàdúrà pé ká má rìn lọ́jọ́ tébi ń pa ọ̀nà. A ṣì ń ṣe àmín, a ò kàn gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́. Ẹni tó bá di sítíárìn mú sì máa ń rò pé ọwọ́ òun ni ẹ̀mí òun wà, bí búrẹ́kì tírélà tó ń bọ̀ níwájú tilẹ̀ ti lọ.

Kì í ṣe àwa nìkan. Lẹ́yìn tí wọ́n fi bàálù kọlu New York ní 2001, ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà sá fún bàálù, wọ́n ń wa mọ́tò lọ sọ́nà jíjìn. Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Gerd Gigerenzer, ṣírò rẹ̀ pé láàárín ọdún kan, nǹkan bí 1,500 èèyàn ni sísá yẹn pa lójú títì.

Ìbéèrè: Kí ni kí n wá sọ fún Màámi?

Ìdáhùn: Sọ fún wọn pé kí ọmọ wọn lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n kó má wọ ọkọ̀ òru. Kó lọ ní ọjọ́ kan ṣáájú, kó sùn sí Warri. Kó wo táyà kó tó wọlé, kó sì so bẹ́líìtì kódà tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló jókòó sí. Bí awakọ̀ bá ra paraga ní gáréèjì, kó bọ́ọ́lẹ̀, owó ọkọ̀ ò tó ẹ̀mí.

Kí Màámi má dá àdúrà wọn dúró o. Kí wọ́n kàn tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀, nígbà tí mọ́tò bá ń jáde n'Íwo Road, kí wọ́n má dúró de ìgbà tí hẹlikọ́pítà bá gbéra ní Warri.