Ẹ Gba Èrò Ọmọ Sílẹ̀ Kí Ọwọ́ Rẹ̀ Tó Kan Iṣẹ́

Ẹ so òkúta ńlá mọ́ òwú kan, kí ẹ so kékeré mọ́ òmíràn, kí gígùn méjèèjì dọ́gba. Ẹ wá bi ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pé èwo ni yóò yára fì jù. Ọ̀pọ̀ ni yóò ní èyí tó wúwo ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni wọ́n á ṣe máa fì. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá kàn sọ èyí fún wọn, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n á sì gbà á nínú ìdánwò. Bó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á tún padà sídìí èrò tiwọn. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ohun tó ń tú irú èrò bẹ́ẹ̀ ká ni kí ọmọ kọ́kọ́ sọ tẹnu rẹ̀, kó fọwọ́ ara rẹ̀ dán an wò, kó sì rí i pé ibi tí òun fọkàn sí kọ́ ló já sí. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àfọwọ́ṣe ti wúlò jù, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń fò.

Ẹ jẹ́ ká ṣe òwú tó ń fì yìí bó ṣe yẹ. Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: òwú tó lágbára tó gùn ju mítà 1 lọ díẹ̀, nọ́ọ̀tì irin mẹ́ta tó jọra, rúlà, àti aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá; ti fóònù náà tó. Etí tábìlì kò ga tó, nítorí náà ẹ so ó mọ́ ìṣó lókè férémù ilẹ̀kùn. Ẹ pín àwọn ọmọ ní mẹ́ta-mẹ́ta: ọ̀kan á fà á, á sì jọ̀wọ́ rẹ̀, ọ̀kan á ka àlọ àti àbọ̀ rẹ̀, ọ̀kan á wo aago, lẹ́yìn náà kí wọ́n pààrọ̀. Bí wọ́n bá di márùn-ún, méjì á kàn dúró máa wòran ni.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan, kí kálukú kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdí tó fi rò bẹ́ẹ̀. Kíkọ ni kí ẹ jẹ́ kó jẹ́ o, torí ọmọ tó bá fẹnu lásán sọ ọ́ yóò ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nígbà tí èsì bá jáde.

Bí òwú bá jẹ́ mítà 1, àlọ-àbọ̀ 10 yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20. Kí wọ́n fi nọ́ọ̀tì kejì àti ìkẹta kún un. 20 náà ni. Wàyí o, ẹ ní kí wọ́n dín gígùn òwú kù sí ìdajì, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 50. Wọ́n á máa retí 10. Wọ́n á rí 14. Ẹ má sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n jiyàn lé e lórí, kí wọ́n máa dín òwú kù díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi dé sẹ̀ǹtímítà 25, níbi tí 10 tí wọ́n ń wá wà. Kí àkókò tó di ìdajì, gígùn ní láti di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọmọ tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ wá 25 yìí rí kì í nílò ẹni tí yóò há òfin náà sí i lórí.

Bí iye wọn kò bá bára mu, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ọmọ ń pe "ení" nígbà tó ń jọ̀wọ́ nọ́ọ̀tì. Àlọ-àbọ̀ mẹ́sàn-án péré ló kà nígbà náà, aago á sì fi 18 hàn dípò 20. "Òdo" ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn á so nọ́ọ̀tì kejì sábẹ́ àkọ́kọ́, láìmọ̀ pé àwọn ti sọ òwú di gígùn sí i, torí pé àárín ohun tó wúwo ni à ń wọn gígùn dé. Ojú kan náà ni kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Bí ẹ bá ń lo òkúta, àárín rẹ̀ náà ni kí rúlà dé, kì í ṣe ibi tí ẹ ti ta kókó. Kí wọ́n má sì fà á jìnnà: sẹ̀ǹtímítà 10 sí ẹ̀gbẹ́ ti tó, 5 fún òwú kúkúrú.

Ìṣirò náà gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó rò pé ìdá kan nínú mẹ́jọ ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, torí pé 8 ju 4 lọ, nílò pépà ju àlàyé lọ. Ẹ gé pépà tẹ́ẹ́rẹ́ márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 24, kó ká wọn sí ọ̀nà 2, 3, 4, 6 àti 8. Ojú kíká á jìnnà síra ní 12, 8, 6, 4 àti 3. Ọ̀nà mẹ́ta ló máa ń yọ ọmọ kékeré lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kó fi rúlà sàmì sí 8 àti 16 kó tó ká a. Bí pépà kò bá gùn dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ kó wọn dànù, torí ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa kọ́ ọmọ.

Maria Montessori, dókítà tó ṣí ilé àwọn ọmọdé kan ní Róòmù lọ́dún 1907, lo pákó kan tó ní ihò 10 àti òpó igi kéékèèké 10 tó bá wọn mu. Bí ọmọ bá ki òpó tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ihò ńlá, òpó kan á ṣẹ́kù níkẹyìn tí kò ní rí ihò wọ̀. Igi náà ti sọ fún un pé ó ṣì í. Àgbàlagbà kò ní láti là á mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yan iṣẹ́ fún ọmọ, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò nìyẹn: ṣé iṣẹ́ náà lè fi àṣìṣe ọmọ hàn án láìjẹ́ pé ẹ lanu?

Nínú ìṣẹ́jú 40, ẹ fi 5 gba èrò, 20 fún iṣẹ́, kí ẹ sì fi 15 tó kù sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀. Bí àkókò bá ti ń lọ, 15 yìí ni àwọn olùkọ́ máa ń gé kúrò. Ó sàn kí ẹ dín iṣẹ́ kù. Kí ọmọ ṣí ibi tó kọ èrò rẹ̀ sí, kó kà á sókè, kó sọ ohun tó rí àti ohun tó rò pé ó fa ìyàtọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kó pa èyí tó kọ́kọ́ kọ rẹ́.