Igi tó ti kú kì í wọ́wé

Tí ọyẹ́ bá ti dé sí Yábàá àti Èbúté Mẹ́ta, igi fúrúùtù inú ọgbà àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀ padà. Ewé ńláńlá rẹ̀ á di pupa, á máa já bọ́ sórí páànù, sínú gọ́tà, sórí mọ́tò tí wọ́n páàkì sábẹ́ rẹ̀, títí igi á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ìhòòhò. Ẹnì kan á ní igi náà ti darúgbó, ó ń kú lọ nìyẹn. Ẹlòmíràn á ní wọ́n ti da nǹkan sí i nídìí lóru. Lánlọ́ọ̀dù á ní kí wọ́n tètè pe agégi kó tó wó lu ilé.

Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ alààyè ni ewé wíwọ́. Igi tó ti kú ò lè ṣe é.

Ẹ wo ẹ̀ka tí ìjì ti dá, tó ṣì so kọ́ lókè. Ewé rẹ̀ á rọ, á gbẹ, á di àwọ̀ ilẹ̀, síbẹ̀ kò ní já. Ibẹ̀ ló máa wà títí afẹ́fẹ́ á fi fà á ya. Kí ẹ wá ṣa ewé fúrúùtù pupa kan nílẹ̀, kí ẹ wo ibi tó ti fi ara mọ́ igi. Ojú ibẹ̀ mọ́, ó jọ̀lọ̀. Tí ẹ bá wo ojú ẹ̀ka tí ewé náà ti já kúrò, ẹ ó rí àpá tó ti jinná. Ewé tútù tí a fipá já kì í rí bẹ́ẹ̀, èèpo á bá a wá.

Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di ara ohun alààyè, ló wà nídìí ewé, tí igi ti ṣètò rẹ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ yìí. Níwọ̀n ìgbà tí ara ewé ṣì le, ó máa ń rán èròjà kan tó ń jẹ́ auxin wá síbẹ̀, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ìlà náà ṣiṣẹ́. Bí ewé bá ti ń gbó, auxin á dín kù, ethylene á sì rọ́wọ́ mú. Gáàsì ni ethylene, igi fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ìdí ewé á wá yọ́ ohun tó lẹ̀ wọ́n mọ́ra, ewé á já. Òkú sẹ́ẹ̀lì ò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn láéláé.

Kí ewé tó já, igi á ti kó ẹrù inú rẹ̀, bí ayálégbé tó ń kó kúrò nílé tó tú fáànù, tú kọ́tìnì, tó yọ gílóòbù iná pàápàá lọ. Yóò tú chlorophyll tó fún ewé láwọ̀ palẹ̀, yóò fa nitrogen àti phosphorus tó jẹ́ oúnjẹ igi padà sínú ẹ̀ka, láti fi bọ́ ewé tuntun tàbí èso. Àwọ̀ ìyeyè tí a máa ń rí lára ọ̀pọ̀ ewé ti wà níbẹ̀ tipẹ́, chlorophyll ló bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n pupa ti fúrúùtù yàtọ̀: igi ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é ni, ní ọjọ́ ogbó ewé. Kò sí aláìsàn tó ń kú lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, omi ilẹ̀ dín, ewé ló sì ń jẹ́ kí omi fi igi sílẹ̀. Igi dín ewé kù.

Irú ikú àmọ̀ọ́mọ̀ṣe báyìí pọ̀ lára igi. Ọ̀nà tí omi ń gbà láti gbòǹgbò dé orí ẹ̀ka, òkú sẹ́ẹ̀lì ni: wọ́n mọ ògiri yí ara wọn ká, wọ́n wá pa ara wọn, inú wọn sì ṣófo kí omi lè ráyè kọjá. Tí omi bá mu ilẹ̀ àgbàdo yó, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú gbòǹgbò á kú kí afẹ́fẹ́ lè rọ́nà gbà. Bí àrùn bá wọ ewé, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí i ká lè pa ara wọn kó má baà ríbi tàn dé. Díẹ̀ lára àmì kékeré tó gbẹ táútáú tí ẹ ń rí lójú ewé, ogun tí igi ti ṣẹ́ ni.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ìgbàgbọ́ pé igi ń kú lọ yìí fẹ́ bá mu, torí igi tó bá ti so kì í so mọ́, kíkú ló ń kú. Àmọ́ àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ìdí rẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀ ò kú, òun ló ń yọ ọmọ.

Ti pé igi "darúgbó" ńkọ́? Ní California, ní Amẹ́ríkà, igi páìnì kan wà tó ti lo ju 4,800 ọdún lọ, ó sì ń yọ ewé. Ìjì, àrùn àti ayùn ló ń pa ọ̀pọ̀ igi ńlá, kì í ṣe ọjọ́ orí.

Tí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ fi èékánná ha èèpo ẹ̀ka kékeré kan. Tí abẹ́ rẹ̀ bá tutù, tó ní àwọ̀ ewé, ó wà láàyè. Ti òdòdó inú ìkòkò ní báńkóònì, ẹ wo ewé tó kọ́kọ́ pọ́n. Tó bá jẹ́ àwọn ti ìsàlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ebi nitrogen máa pa á, ló bá ń gba ti àgbà fún ọmọ; tó bá jẹ́ àwọn ọ̀jẹ̀lẹ́ ló pọ́n tí iṣan wọn ṣì tutù, ó lè jẹ́ èròjà iron inú ilẹ̀ ni kò tó. Ẹ má kàn máa da omi sí i, torí omi àdàjù ń ra gbòǹgbò. Ẹ tún wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Láti 1864 ni wọ́n ti rí i ní Jámánì pé gáàsì tó ń jò nídìí iná títì, tó jẹ́ gáàsì ni wọ́n fi ń tàn án nígbà náà, ń mú kí igi wọ́wé kó tó àsìkò. Ní 1901, onímọ̀ nípa ewéko kan, Dimitry Neljubow, fi hàn ní Rọ́ṣíà pé ethylene inú gáàsì bẹ́ẹ̀ ló ń da ìdàgbà ewéko rú. Èéfín jẹnẹrétọ̀ náà ní ethylene nínú. Ẹ gbé òdòdó yín jìnnà sí i.