Áápù tí ẹ̀ka kan lọ ṣí lórí cloud láì sọ fún IT: ta ló ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀?

Ìbéèrè: Níbi iṣẹ́ wa, HR, ìyẹn ẹ̀ka tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́, ti ní áápù tiwọn tí wọ́n fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ìsinmi, àwọn tó ń ta ọjà náà ní tiwọn, orí íntánẹ́ẹ̀tì (cloud) ni gbogbo ẹ̀ wà, IT, ìyẹn ẹ̀ka tó ń rí sí kọ̀ǹpútà, ò sì mọ̀ sí ìkankan. Ó kúkú ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kí ló wá burú níbẹ̀?

Ìdáhùn: IT ni mò ń ṣe, mo sì gbà pé àwa la dá ìdajì ẹ̀ sílẹ̀. Láyé àtijọ́, kí ilé iṣẹ́ tó lo irú ẹ̀, wọ́n á ra server, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí áápù á máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, wọ́n á gbé e sí yàrá tó ní ẹ́síì, wọ́n á wá jẹnẹrétọ̀ fún un, kò sẹ́ni tó lè dá a ṣe lẹ́yìn wa. Ní báyìí ímeèlì àti káàdì ti tó, kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé ó ti ṣí. Téèyàn bá wá bẹ IT tí wọ́n ní kó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, tí oṣù méjì kọjá tẹ́nikẹ́ni ò dá a lóhùn, tí ọ̀gá ẹ̀ sì ń bèèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ láràárọ̀, kí lẹ fẹ́ kó ṣe?

Ìbéèrè: Ṣebí ilé iṣẹ́ náà ló ni áápù ọ̀hún?

Ìdáhùn: Rárá o, ọwọ́ ẹni tí wọ́n fi ímeèlì ẹ̀ ṣí i ló wà. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, arábìnrin kan ní ẹ̀ka àkáǹtì ló ṣí èyí tí wọ́n fi ń kọ ínfọ́ìsì, Gmail tara ẹ̀ ló lò, iṣẹ́ sì yá gan-an. Nígbà tó yá ó ríṣẹ́ síbòmíì, a ṣe sẹ́ńdọ́ọ̀fù fún un, kálukú dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹni tó gba ipò ẹ̀ tẹ páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n fún un, áápù ní òun ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí fóònù tí nọ́ńbà ẹ̀ parí sí 47. Síìmù arábìnrin yẹn ni, kò sì lò ó mọ́. Inú ibẹ̀ ni orúkọ gbogbo kọ́sítọ́mà wà pẹ̀lú iye tí wọ́n jẹ wá. Ṣe lọ̀gá àkáǹtì fọwọ́ lérán tó ń wo 47 yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń ṣa àwọn ínfọ́ìsì jọ látorí WhatsApp, ìkan lẹ́yìn ìkan. Arábìnrin yẹn ò ṣe ohun tó burú o, kò sẹ́ni tó sọ fún un ni.

Ìbéèrè: Owó ẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Dọ́là ni púpọ̀ nínú ẹ̀. Lọ́dún 2022 táwọn báńkì ń dín dọ́là tí káàdì náírà lè ná kù, tí ọ̀pọ̀ tiẹ̀ dá a dúró, káàdì dọ́là tara wọn làwọn òṣìṣẹ́ míì fi ń san án. Tówó bá tán lórí káàdì yẹn, áápù á tì pa.

Ìbéèrè: Ṣé òfin kàn án?

Ìdáhùn: Ó kàn án dáadáa. Òfin ààbò dátà (ìyẹn ìsọfúnni nípa àwọn èèyàn) tí wọ́n buwọ́ lù ní June 2023 ní Nàìjíríà sọ pé tí dátà bá jò lọ́nà tó lè ṣe àwọn tó ni ín ní jàǹbá, kẹ́ ẹ sọ fún NDPC, àjọ tó ń rí sí òfin náà, láàárín wákàtí 72 tẹ́ ẹ mọ̀. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n kà sí pàtàkì, ìtanràn ẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá 2 nínú 100 owó tó wọlé lọ́dún tó ṣáájú, èyí tó bá pọ̀ jù. Ẹ wá wò ó, fáìlì owó oṣù àti nọ́ńbà àkáǹtì òṣìṣẹ́ tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní líńkì ẹ̀, tí IT ò mọ̀ pé ó wà, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pó jò?

Ìbéèrè: Ká kúkú fòfin dè é?

Ìdáhùn: Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Tẹ́ ẹ bá dí i lórí Wi-Fi, wọ́n á tan hotspot. Ohun tí mo rí tó ṣiṣẹ́ ni pé kí IT dáhùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ì báà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ì báà jẹ́ rárá, kí wọ́n sì fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ímeèlì ilé iṣẹ́ tí wọ́n á máa fi ṣí nǹkan, kéèyàn méjì wà tó láṣẹ láti wọ inú áápù kí wọ́n sì darí ẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣe ẹ̀dà ohun tó wà nínú ẹ̀ pa mọ́ lóṣooṣù. Tẹ́ ẹ bá débi iṣẹ́ lọ́la, ẹ lọ bá HR yín, ẹ bi wọ́n pé ímeèlì ta ni wọ́n fi ṣí ti ìsinmi yẹn, àti pé fóònù ta ni kóòdù ń wọ̀.