Orúkọ ìlú kan ṣoṣo kò tó láti fi wá ilé baba yín

Ẹni mẹ́rin ló wá bá mi lóṣù tó kọjá, tí kálukú wọn na fóònù sí mi lójú pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, mo ti rí ìlú bàbá mi." Wọ́n tẹ orúkọ sínú Google Maps, àmì pupa yọ, ó parí nìyẹn. Méjì nínú wọn ti wọ mọ́tò lọ síbẹ̀ kí wọ́n tó rántí pé èmi wà. Kò sí èyí tó débi tó ń wá nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ó ti tó ọdún 18 tí mo ti ń bá àwọn èèyàn wá orírun ìdílé wọn níbí ní Ìkòròdú. Èmi náà ń lo máàpù orí fóònù lójoojúmọ́, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má lò ó. Àmọ́ ibi tí ìlú wà lónìí ló ń fi hàn yín, bàbá bàbá yín kò sì kúrò nílé lónìí.

Ẹ mú Ìjòmu bí àpẹẹrẹ. Ìsẹ̀lẹ̀, Àga àti Ìjòmu ni àdúgbò ńlá mẹ́ta tí a fi mọ Ìkòròdú. Ẹni tó bá tẹ Ijomu nìkan lè bá ara rẹ̀ ní Àkúrẹ́, torí Ìjòmu wà níbẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ ṣ tún wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn a kọ ọ́ bíi sh, ẹlòmíràn a kọ ọ́ bíi s lásán, òun ló jẹ́ kí Ṣágámù máa jẹ́ Shagamu nínú ìwé kan, Sagamu nínú òmíràn. Ní Brazil, Ijexá ni wọ́n ń kọ Ìjẹ̀ṣà, Oió ni wọ́n ń kọ Ọ̀yọ́. Gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀. GeoNames, àkójọ orúkọ ìlú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, dára fún èyí, torí ó máa ń to oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ orúkọ ìlú kan pọ̀ sójú kan. Kí ẹ sì wo ọdún tó wà lórí ìwé tó wà lọ́wọ́ yín: kò sí Ìpínlẹ̀ Èkó kó tó di 1967, kò sí Ìpínlẹ̀ Ògùn kó tó di 1976.

Èyí tí mo ń tẹnu mọ́ jù, tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́, ni pé ìlú máa ń ṣí. Ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún tú ilẹ̀ Yorùbá ká. Ní nǹkan bí 1830 tí àwọn Ẹ̀gbá dó sábẹ́ Olúmọ, ìlú kọ̀ọ̀kan gbé orúkọ rẹ̀ dání wá. Aké àti Kẹ́mta tí ẹ ń rí lórí máàpù Abẹ́òkúta, àdúgbò ni wọ́n lónìí. Ìlú tó dá dúró ni wọ́n nínú igbó Ẹ̀gbá tẹ́lẹ̀. Òwu wà ní Abẹ́òkúta, Òwu wà ní Ìjẹ̀bú, Orílé-Òwu wà ní Ọ̀ṣun. Wọ́n pa Ìjàyè run ní 1862, orúkọ rẹ̀ sì wà ní Abẹ́òkúta títí dòní. Níbi tí ẹ bá ti rí "Orílé" níwájú orúkọ, ẹ fara balẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn kan ti ṣí kúrò. Ìkòròdú tiwa yìí náà, àwọn Ẹ̀gbá dó tì í ní 1865. Bí kì í bá ṣe àwọn ọmọ ogun tí Gómìnà Glover kó wá láti Èkó, ta ló mọ ibi tí orúkọ Ìkòròdú ì bá wà lórí máàpù lónìí?

Ibi tí inú ti ń bí mi rèé. Àwọn kan jókòó sórí Facebook, wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ wa tó wà lókè òkun, wọ́n á ya fọ́tò máàpù ránṣẹ́ sí i pé, "Ìlú yín nìyí." Àwọn mìíràn ń gba ọ̀dọ̀ wòlíì lọ. Wòlíì á ní òun rí odò, òun rí igi ọ̀pẹ. Ibo ni kò sí odò àti ọ̀pẹ nílẹ̀ Yorùbá?

Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, obìnrin kan wá láti Ìlọrin. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé Ibeshe ni wọ́n ti bí òun. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ Ibese, ó sì mú un lọ sí Ibese tó wà ní Yewa, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì. Àwọn ará ibẹ̀ kì í ṣe oníjìbìtì o. Ìdílé kan wà níbẹ̀ tí ọmọ wọn lọ láyé àtijọ́ tí kò padà. Bí wọ́n ṣe rí obìnrin yìí, ẹkún sọ. Màmá arúgbó kan dì mọ́ ọn, ó ní ojú àbúrò òun lòun ń wò yìí. Odindi ọdún méjì ló fi ń lọ síbẹ̀, ó sì bá wọn kan páànù sórí ilé.

Nígbà tí obìnrin náà wá sọ́dọ̀ mi, ìwé ìtàn ìdílé ló ní kí n bá òun kọ. Mo ní kó kọ́kọ́ ki oríkì tí ìyá rẹ̀ fi ń kì í fún mi. Ó kì í, ọ̀sà ló kún inú rẹ̀, àwọ̀n àti àjẹ̀. Mo ṣí àwòrán sátẹ́láìtì Ibese ti Yewa síwájú rẹ̀, mo ní, "Ẹ fi ọ̀sà hàn mí." Ó ń fi ìka fa ojú fóònù sókè sódò títí, kò rí nǹkan kan. Ó bá gbé fóònù náà sílẹ̀ lórí tábìlì mi.

Ibeshe méjì ló kù létí omi: tiwa níbí, létí ọ̀sà, àti èyí tó wà lápá Ilashe létí òkun. Mo bi í léèrè ọjà tí ìyá ìyá rẹ̀ ń ná. Ó ní wọ́n máa ń wa ọkọ̀ lọ sí Ìpakodò, àti pé Bàyẹ́kù ni ẹ̀gbọ́n ìyá náà ti lọ́kọ. Nígbà tí a fi Ibeshe, Ìpakodò àti Bàyẹ́kù sórí máàpù kan náà, Ìkòròdú ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn. Orúkọ mẹ́ta ni kí ẹ máa bi àwọn àgbà yín: ìlú, ọjà tí wọ́n ń ná, àti ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ ìyàwó. Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun nìyẹn o.

Èmi àti obìnrin náà la jọ lọ sí Yewa láti sọ fún màmá arúgbó yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, lórí ìkúnlẹ̀. Màmá kò fọhùn fún ìgbà pípẹ́. Ó wo páànù tó wà lókè orí wa, ó wo obìnrin náà, ó ní kí àwọn ọmọ gbé oúnjẹ wá fún àlejò. Àlejò ló pè é lọ́jọ́ náà.