Jíìnì RPS19 àti Àìtó Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Ọwọ́

Bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kò bá tó ní Èkìtì, tí wọ́n sì ti tọ́jú ibà rẹ̀ tán, jẹnotáìpù ni ẹbí sábà máa ń béèrè, torí pé fòníkú-fọ̀ladìde ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí jẹnotáìpù rẹ̀ jẹ́ AA pàápàá lè ní àìsàn mìíràn tí a bí mọ́ ọn, èyí tí kò wọ́pọ̀, tí à ń pè ní Diamond-Blackfan, orúkọ dókítà méjì ní Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1938. Ní 1999 ni àwọn onímọ̀ rí i pé àbùkù inú RPS19, ọ̀kan nínú àwọn jíìnì (ìlànà inú sẹ́ẹ̀lì tí à ń jogún), ń fà á, ó sì wà lára nǹkan bí ènìyàn kan nínú mẹ́rin tó ní àìsàn náà.

Jíìnì yìí ló ń darí bí a ṣe ń ṣe ọ̀kan nínú nǹkan bí 80 pùrótíìnì tó para pọ̀ di ráíbósóòmù, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe gbogbo pùrótíìnì tó ń lò. Apá méjì ni ráíbósóòmù ní, bí odó àti ọmọ odó: ọ̀kan kò lè gúnyán láìsí èkejì. Apá kékeré ni RPS19 wà, bí kò bá sì tó, apá náà kò ní parí.

Ẹ̀dà jíìnì méjì ni ènìyàn ní. Nínú fòníkú-fọ̀ladìde, àwọn òbí méjèèjì ló ń fún ọmọ ní àbùkù. Nínú èyí, ẹyọ kan tó bàjẹ́ ti tó, nítorí pé iṣẹ́ ẹ̀dà kejì kì í ká a. Nígbà mìíràn, òbí kankan kò tilẹ̀ ní àbùkù náà; ara ọmọ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀jẹ̀ pupa ló ń jìyà jù, nígbà tí gbogbo sẹ́ẹ̀lì ń lo ráíbósóòmù? Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn eegun tí yóò di ẹ̀jẹ̀ pupa gbọ́dọ̀ ṣe hẹmógílóbíìnì, pùrótíìnì tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, rẹpẹtẹ láàárín àkókò kúkúrú, bẹ́ẹ̀ ni àìtó ráíbósóòmù máa ń dín GATA1 kù, ìyẹn pùrótíìnì tó ń darí ìdàgbà wọn. Yàtọ̀ sí èyí, RPL5 àti RPL11, pùrótíìnì ráíbósóòmù méjì mìíràn tí wọn kò ríbi so mọ́, a lọ dí pùrótíìnì kan tó ń jẹ́ MDM2 lọ́wọ́. MDM2 yìí ló sì máa ń kápá p53, pùrótíìnì tó ń dá sẹ́ẹ̀lì tó ní ìṣòro dúró. Nígbà tí p53 bá pọ̀ jù, sẹ́ẹ̀lì kò ní pín mọ́, tàbí kí ó kú. Nínú àyẹ̀wò, sẹ́ẹ̀lì pupa a máa kéré níye, a sì tóbi ju bó ti yẹ lọ, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì funfun sábà máa ń pé.

Oògùn kọtikositẹ́rọ́ìdì ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n máa ń fa ẹ̀jẹ̀ sí àwọn mìíràn lára léraléra, ìpààrọ̀ mùdùnmúdùn sì lè wo àìtó ẹ̀jẹ̀ náà sàn. Ewu jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àti ti eegun ga lára àwọn tó ní àìsàn náà ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ oníirin tí à ń rà ní kẹ́mísí kò wúlò níbí, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí ọmọ lára ti ń kó irin jọ sínú ẹ̀dọ̀ àti ọkàn rẹ̀, dókítà sì ní láti fún un ní oògùn tí yóò máa yọ irin náà kúrò.