Koríko Tó Pọ́n Rẹ́súrẹ́sú: Bí A Ṣe Ń Mọ Ohun Tó Ń Ṣe É

Àwọ̀ kan ṣoṣo ni koríko ní láti fi fẹjọ́ sùn. Òùngbẹ ni o, ìdin ni o, àrùn ni o, ìtọ̀ ajá ni o, rẹ́súrẹ́sú kan náà ni yóò pọ́n. Ohun tó ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì í tọ́jú nìyẹn: bí wọ́n bá ti rí àpá kan lójú koríko ọgbà wọn, omi ni wọ́n ń gbé lọ bá a, bí omi ò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á da ajílẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ òùngbẹ, omi ṣe é lóore. Bó bá jẹ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì, ìyẹn ohun tó ń fa àrùn ewé, omi tí kò gbẹ lára ewé àti ajílẹ̀ àpọ̀jù gan-an ló ń bọ́ ọ.

Bí àpá náà ṣe rí láti òkèèrè ni a kọ́kọ́ ń wò. Èyí tó rí roboto, tó kéré, tí àárín rẹ̀ kú pátápátá àmọ́ tí etí rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ ju koríko yòókù lọ, ìtọ̀ ajá ni. Náítírójìn, èròjà ajílẹ̀ tó wà nínú ìtọ̀ náà, pọ̀ jù láàárín, ó sì jó koríko ibẹ̀. Ìwọ̀nba tó ṣàn dé etí ló di ajílẹ̀ fún un. Bí pípọ́n náà bá lọ ní ìlà gbọọrọ, ọwọ́ èèyàn ni ká fura sí: ó ṣeé ṣe kí a ti fọ́n ajílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sójú kan. Bó bá jẹ́ orí ibi tó ga díẹ̀ nìkan ló pọ́n, abẹ ẹ̀rọ ìgékoríko ló fá a kanlẹ̀. Níbi tó bá sì jẹ́ ẹ̀rọ ló ń fọ́n omi, kí a to agolo òfìfo mélòó kan káàkiri, kí a tan ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú 15, kí a wá wo èyí tí omi rẹ̀ kéré jù. Bí agolo inú àpá bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ọ̀rọ̀ ti tán: omi ni kò dé ibẹ̀.

Lẹ́yìn ojú, ó kan ọwọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ sí etí àpá náà, níbi tí gbígbẹ ti ń pàdé tútù, nítorí ibẹ̀ ni ohun tó ń pa koríko ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti jẹ àárín kọjá. Kó di koríko ẹ̀kúnwọ́ kan mú, kó fà á sókè. Koríko tí òùngbẹ ń gbẹ kì í tú, gbòǹgbò rẹ̀ ṣì di ilẹ̀ mú. Èyí tó bá ká kúrò nílẹ̀ bí ẹní, tí kò ní gbòǹgbò lábẹ́, ìdin ló gé e jẹ. Ìdin ọ̀hún funfun, orí rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, ó sì máa ń ká ara rẹ̀ kò bí a bá hú u jáde. Ọmọ àwọn kòkòrò tó bá yímíyímí tan ni.

Rírí ẹyọ kan kì í ṣe ìjàngbọ̀n o. Kí a gbẹ́ ilẹ̀ tó tó ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó, kó jìn tó ínǹṣì 2 sí 3, kí a kà wọ́n. Koríko tó lágbára lè gba nǹkan bíi 5 mọ́ra. Bí wọ́n bá ti tó 10, àfi kí a wá nǹkan ṣe. Ìgbà tí wọ́n ṣì kéré, tí wọ́n wà nítòsí òkè, ni oògùn ń ràn wọ́n. Èyí tó ti dàgbà kì í sábà gbọ́ oògùn mọ́. Omi sì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé oògùn náà kó lè wọlẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ti fọ́ńgọ́ọ̀sì, ìdájí ni wọ́n ń ká a mọ́, kí ìrì tó gbẹ. Òwú funfun tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń hàn létí àpá. Bí oòrùn bá ti mú, ó ti pòórá. Ewé á ní ojú egbò tí àwọ̀ rẹ̀ ṣá, tí ìlà tó dúdú jù ú lọ yí ká. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú wọn, Rhizoctonia solani, fẹ́ràn òru tó móoru ju 20°C lọ àti ewé tó wà ní tútù fún wákàtí 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí a má bomi rin ín lálẹ́. Àárọ̀ kùtù ló dára, kí oòrùn lè tètè gbẹ ewé. Kí a dá ajílẹ̀ onínáítírójìn dúró ná. Oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì kì í sọ ewé tó ti pọ́n di tútù padà, ewé tí àrùn ò tíì mú ló ń dáàbò bò. Ẹni tí kò mọ̀ á kàn rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Àrùn yìí kì í sábà pa ìdí koríko, ewé tuntun ṣì máa ń hù.

Bí koríko ò bá tú, tí ewé ò sì ní egbò, ó ku ilẹ̀. Kí a gún sìkùrùdíráífà gígùn bọlẹ̀ nínú àpá, kí a tún gún un níbi tó tutù. Bó bá wọlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ níbì kan tó sì kọ̀ níbì kejì, ilẹ̀ ti le, tàbí òkúta àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù wà lábẹ́. A ó hú òkúta kúrò. Ilẹ̀ tó le, a ó lu ihò sí i kí omi lè ráyè wọlé. Bí ìdí koríko bá ṣì funfun tàbí tutù díẹ̀, kò tíì kú, ó ń sùn ni. Nǹkan bí ínǹṣì kan omi lọ́sẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, sàn ju wíwọ́n ọn lójoojúmọ́ lọ, torí omi ìwọ́nwọ́n kì í jẹ́ kí gbòǹgbò lọ sísàlẹ̀.

Ibi tó bá ti kú pátápátá, kí a ha koríko gbígbẹ kúrò, kí a tú ojú ilẹ̀, kí a gbin irúgbìn tàbí kí a lẹ koríko tútù mọ́ ọn. Ojú ìtọ̀ ajá, omi púpọ̀ ni a ó kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́. Koríko tó ń fà nílẹ̀ lè dí àlàfo kékeré fúnra rẹ̀. Èyí tó ń hù ní ìdìpọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ojú ilẹ̀ máa tutù títí irúgbìn yóò fi hù, lẹ́yìn náà kí a dín iye ìgbà tí à ń bomi rin ín kù. Bó bá dàgbà tó gígé, kí abẹ ẹ̀rọ mú ṣáṣá, kó má sì gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ.