Ọrùn-ọwọ́ Ò Mọ Ọjọ́ Orí Bọ́ọ̀lù

Bí rédíò bá ti kéde pé wọ́n fẹ́ ṣa àwọn ọmọ tuntun jọ fún Golden Eaglets, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn ò gbọdọ̀ ju 17 lọ, mo ti mọ̀ pé àlejò ń bọ̀. Bàbá ọmọ, kóòṣì orí pápá ẹlẹ́rùpẹ̀, ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní máníjà, gbogbo wọn ló ń bọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì máa ń wá, nígbà tí wọ́n rò pé ọ̀gá ti lọ sílé. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tẹnu wọn jáde: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa ṣe ọrùn-ọwọ́ ọmọ yìí."

Àwòrán ọrùn-ọwọ́ tí ẹ̀rọ MRI ń yà, tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ọmọ ti ju ọdún 17 lọ, ni wọ́n ń sọ. Kí n ṣe é báwo? Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ná: èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì jowú wọn. Yíya àwòrán inú ara ni mo lọ kọ́ ní yunifásítì, mo gba ìwé àṣẹ lé e lórí, mo sì lè ka eegun ọwọ́ yín lórúkọ-lórúkọ lójú oorun. Ẹni tó bá wá pè mí ní "oní-fọ́tò", kó yáa mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ní Arákálẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ mọ ìtàn àwọn ife àgbáyé ọlọ́dún 17 tí Eaglets ti gbà, n ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Márùn-ún ni. 1985 ní Ṣáínà, níbi tí àwọn ọmọ kóòṣì Sebastian Brodericks ti na Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ní 2 sí òdo. 1993 ní Japan, tí Kanu àti Wilson Oruma wà níbẹ̀, tí a na Gánà 2 sí 1. 2007 ní Gúúsù Kòríà, tí Yemi Tella fi àìsàn jẹjẹrẹ lára darí wọn títí wọ́n fi pẹnárítì gba ife mọ́ Sípéènì lọ́wọ́, tí ọkùnrin náà sì dágbére fáyé kí ọdún ọ̀hún tó parí. 2013 ní Abu Dhabi, a na Mẹ́síkò ní 3 sí òdo. 2015 ní Chile, a na Málì ní 2 sí òdo, Victor Osimhen nìkan sì gbá 10 wọlé nínú ìdíje náà. Bràsíl tó tẹ̀ lé wa, 4 ni tiwọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta la tún dé àṣekágbá tí a ò rí ife gbé: 1987, 2001, àti 2009 tó wáyé nílé wa níbí, tí Switzerland fi ayò kan ṣoṣo pa wá lẹ́nu mọ́ ní Àbújá.

Àwọn kan wà tí ẹ ò lè sọ èyí fún kí wọ́n má rẹ́rìn-ín ẹ̀sín. Wọ́n á ní àwọn bàbá ọlọ́mọ ló gba gbogbo ife náà. N ò ní purọ́ gbèjà ẹnikẹ́ni. Ní 1989, FIFA fòfin de àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa fún ọdún méjì, nítorí pé ọjọ́ ìbí tí wọ́n kọ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù kan ní Òlíńpíìkì 1988 yàtọ̀ sí èyí tí àwọn kan náà ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdíje àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ogún ọdún ti 1991, tó yẹ kó wáyé ní Nàìjíríà, Pọtogí ló gbà á ṣe. Ìtìjú gidi ni.

Àmọ́ láti 2009 ni FIFA ti ń fi ẹ̀rọ MRI wo ọrùn-ọwọ́ àwọn ọmọ níbi ìdíje ọlọ́dún 17. Ọdún yẹn gan-an la dé àṣekágbá. Lẹ́yìn ìyẹn la gba ife 2013 àti 2015. Àwọn méjì yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú márààrún, torí ọwọ́ iṣẹ́ wa wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wá sọ fún mi pé MRI ló pa Eaglets, mo máa ń bi í léèrè: ta ló wá gba ife méjì yẹn? Òótọ́ ni pé a ò sí ní Íńdíà ní 2017, a ò sí ní Indonesia ní 2023, nígbà tí wọ́n sì sọ ọ́ di orílẹ̀-èdè 48 ní Qatar ní 2025, síbẹ̀ a ò rí àyè kan ṣoṣo mú. Ṣé ẹ̀rọ ni kò jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọlé ni? Àwọn tí ẹ ń kó jọ ni kí ẹ wò. Ní 2016, ìròyìn gbé e pé ọmọ 26 ni kò yege níwájú ẹ̀rọ kété kí wọ́n tó pàdé orílẹ̀-èdè Niger. Niger ló lọ sí Íńdíà. Kì í sì ṣe àwa nìkan: ní January 2023, Kamẹrúùnù ya ọwọ́ ọmọ 30, 21 ló já, tí Samuel Eto'o tó jẹ́ ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù wọn sì ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Ó yá, ọ̀rọ̀ eegun kàn. Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ kà.

Ní ìsàlẹ̀ apá, lápá ibi tí àtàǹpàkò wà, orí eegun kan wà tó dojú kọ ọrùn-ọwọ́. Nígbà tí ọmọ ṣì ń dàgbà, ilà eegun rírọ̀ kan dá orí yẹn sí méjì. Láti inú ilà yìí ni eegun ti ń gùn. Bí ọmọ bá ti ń bàlágà, eegun líle á máa wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí bíríkìlà ń fi sìmẹ́ńtì dí àárín búlọ́ọ̀kù, títí ilà náà á fi pa rẹ́ pátápátá. Bó bá ti pa rẹ́, eegun yẹn ò tún gùn mọ́ láé. Ipele mẹ́fà la pín in sí. Ní àkọ́kọ́, ilà dúdú náà là gbangba láti etí dé etí. Ní ìkẹta, ibi tó ti dí kò tíì tó ìdajì. Ní ìkẹrin, ó ti ju ìdajì lọ. Ní ìkarùn-ún, ó ku fínńfín, kò tó mìlímítà 5. Ní ìkẹfà, kò sí ilà mọ́. Ẹni tó bá wà ní ìkẹfà kò ní bá wọn gbá bọ́ọ̀lù ọlọ́dún 17.

Kí ló dé tí kì í ṣe X-ray la fi ń wò ó? Nítorí pé ìtànṣán X-ray ń wọ ara, kò sì tọ́ kí a máa fi í yan ọmọ tí ohunkóhun ò ṣe, torí bọ́ọ̀lù lásán. MRI ò ní irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀. Òòfà ló ń lò. Ẹ rántí òòfà yẹn, mo ṣì ń bọ̀ síbẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé ẹ̀rọ náà kì í sọ ọjọ́ orí. Kò lè sọ pé ọdún 16 àti oṣù mẹ́ta ni ọmọ yìí. Ohun tó lè sọ ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọkùnrin ọdún 16, kò tó ẹnì kan tí ilà rẹ̀ á ti pa rẹ́. Nítorí náà, bó bá pa rẹ́, ó ṣòro kí ọmọ náà máà ju 17 lọ. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 18, kódà 19, lè dé iwájú wa kí ilà tiẹ̀ ṣì là síbẹ̀, kó sì yege. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé ẹni tó yege ò ní kó máa yangàn pé ẹ̀rọ jẹ́rìí òun. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ìyá gbà nígbà tó bí i, rẹ́jísítà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀nyí ni ẹ̀rí, kì í ṣe ìwé ìbúra tí ẹ gbà ní kóòtù lánàá.

Àwọn ayédèrú ló wá ń bí mi nínú jù. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ yí ọrùn-ọwọ́ ká, tí wọ́n ní yóò "la eegun padà." Mo ti rí èyí tí wọ́n ní kó máa ki ọwọ́ bọ omi yìnyín lóròòru. Àdánù lásán nìyẹn. Èyí tó burú jù ni abẹ́rẹ́ àti oògùn oníhóró tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì fún ọmọ ọdún 14 kí igẹ̀ rẹ̀ lè yọ, kó lè lágbára lórí pápá. Púpọ̀ nínú oògùn afúnnilágbára wọ̀nyẹn, omi ara ọkùnrin, ìyẹn họ́mọ̀nù, ni wọ́n fi ṣe é. Bó bá dénú ara, ara á sọ apá kan rẹ̀ di omi ara obìnrin, èyí gan-an ló sì ń pàṣẹ fún ilà inú eegun pé kó dí, lára ọkùnrin àti obìnrin. Ẹ ti gbọ́ ohun tí mo wí? Oògùn tí ẹ ń fún un kó lè wọ Eaglets ló ń ti ilẹ̀kùn Eaglets mọ́ ọn, tó tún ń dá gíga rẹ̀ dúró. Ọmọ tí kò purọ́ ọjọ́ orí kankan, ẹ sọ ọ́ di bàbá àgbà níwájú ẹ̀rọ. Ẹni tó sì tà á fún yín ò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá lé e.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti òòfà tí mo ní n ń bọ̀ sí. A kì í pa òòfà ẹ̀rọ MRI bí a ṣe ń pa iná yàrá. Tọ̀sán-tòru ló ń fa irin, ì báà má sí aláìsàn kankan níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń ní kí ẹ bọ́ òrùka, bẹ́líìtì, ẹ̀gbà, gbogbo rẹ̀ pátá. Bàbá kan mú ọmọ rẹ̀ wá láti ọ̀nà Oǹdó, ìwé dókítà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun gbogbo pé. A bi bàbá, a bi ọmọ: ṣé irin kankan ò sí lára? Bàbá fi Ọlọ́run búra. Ọmọ bọ́ṣọ, ó wọ tiwa, ó fi ohun kan pamọ́ sábẹ́ pátá. Kò tíì dùbúlẹ̀ tán tí ìbàdí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ṣáájú ara yòókù. Igbe ta. Ìgbàdí aláwọ ló wà níbẹ̀, àgádágodo sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n tì pa. Oníṣègùn kan ló ní òun ti fi í ti ọjọ́ orí ọmọ náà mọ́ 15. Awọ já, ó bó ọmọ náà lára, àgádágodo sì fò lọ lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀rọ, ó fọ́ nǹkan níbẹ̀.

Ẹ̀rọ yẹn ò ṣiṣẹ́ títí ẹnjiníà fi dé láti Èkó. Mo ń wo àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọ lù, mo ń wo màmá tí kò lè jókòó nítorí ọ̀pá ẹ̀yìn, tí a ń sọ fún wọn pé kí wọ́n máa lọ sí Ìbàdàn. Màmá yẹn ò gbá bọ́ọ̀lù rí.

Bàbá ọmọ padà wá. Mo rò pé ó wá tọrọ àforíjì ni. Ó ní a ò gbọdọ̀ ṣí àgádágodo náà o, torí bí a bá ṣí i, gbogbo ọdún tí wọ́n tì mọ́ inú rẹ̀ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, a ò tíì ṣí i. Kó wá gbé e, kó mú owó àtúnṣe ẹ̀rọ dání.